Báfù Òjò Dídì tí Màmá Ìjẹ̀bú Kó

Tí mo bá rántí ilé wa ní Rippleside nílùú òyìnbó, ariwo hítà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi létí. Ilé kékeré ni, ilé tó fi ara ti ilé, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó já sí Ripple Road. Tí Dádì bá ti tan hítà láàárọ̀, irin inú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà bí ẹni tó há síbẹ̀ tó ń bẹ̀ wá pé ká ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ẹsẹ̀ Dádì lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́ Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Àwọn méjèèjì á pàdé ní ẹnu ọ̀nà bí èrò ọkọ̀ tó yàtọ̀ síra, ọ̀kan ń wọ bàtà, èkejì ń bọ́ tiẹ̀. "Wọ́n ti jẹun?" "Wọn ò tíì jí." "Ọbẹ̀ wà nínú abọ́ áísìkirimù." Kò sẹ́ni tó rí áísìkirimù nínú abọ́ áísìkirimù rí nílé wa, ọbẹ̀ ata ló máa ń wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀wà. Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, Barking Riverside ni mò ń gbé, nínú fúláàtì tuntun tí hítà rẹ̀ kì í fọhùn rárá. Ara wa ń móoru, mo dúpẹ́. Àmọ́ nígbà mìíràn mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, màá dákẹ́, màá máa retí pé kí ògiri bá mi sọ̀rọ̀.

Ọdún tí Màmá Ìjẹ̀bú wá bá wa ṣe Kérésìmesì ni mo fẹ́ sọ. Ìyá tó bí Dádì ni. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, Ayọ̀ àbúrò mi jẹ́ méje. Orí fóònù nìkan la ti mọ Màmá tẹ́lẹ̀, ohùn tó máa ń pariwo bí ẹni pé igbe ló máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ la òkun kọjá. Àfi bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà wa, obìnrin kúkurú, kóòtù Dádì bò ó dé kókósẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ibí lẹ̀ ń gbé? Nínú páálí ìṣáná yìí?" Dádì rẹ́rìn-ín. Mọ́mì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń kí i, kò rẹ́rìn-ín. Àgbà ìyá ni Màmá nínú ìjọ Aládùúrà nílé, ẹni tí tọkọtaya ń gbé ìjà wọn wá bá, tí àwọn aboyún ń kúnlẹ̀ fún. Kò pẹ́ tí ilé wa fi ní ìró mìíràn: agogo ọwọ́ rẹ̀ ní ìdájí, orin rẹ̀, àtẹ́wọ́ èmi àti Ayọ̀ tí oorun ń fà mọ́ wa lọ́wọ́. Tó bá ti wọ sùtánà rẹ̀ funfun, bàtà ò ní kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí tó fi máa bọ́ ọ, torí ibi tí aṣọ mímọ́ bá dé, ilẹ̀ mímọ́ nibẹ̀. Ìjọ Aládùúrà làwa náà ń lọ, a mọ òfin yẹn, ṣùgbọ́n orí kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì làwa ti ń pa á mọ́. Orí ilẹ̀ kíṣìnì wa, tó tutù débi pé ológbò aládùúgbò kì í fẹ́ dúró lé e, ni Màmá ń rìn láìwọ ìbọ̀sẹ̀, tó ń ha ewùrà tí Mọ́mì rà ní ọjà Barking, tó fi ń se ìkọ́kọrẹ́ fún wa. Ìkọ́kọrẹ́ yẹn dùn. Mi ò tíì rí ẹni tó sè é bẹ́ẹ̀ látìgbà náà, èmi náà ò sì lè sè é.

Ayọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀, tí èèyàn bá lè pe ìbéèrè ní wàhálà. Ọmọ yẹn ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má wádìí ẹ̀. Màmá ní ká má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ó ní kí ló dé. Màmá ní kó má wo àgbà lójú, ó ní ṣé kó máa wo imú wọn ni. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà ìdájí tó gùn títí ẹ̀yìn fi ń ro wá, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Màmá, ṣé Ọlọ́run ò lè gbọ́ tá ò bá pariwo?" Mo fi ẹnu mi sínú pílò. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Mọ́mì ń sùn lókè, mò ń fọ abọ́ ní kíṣìnì, mo gbọ́ ohùn Màmá nínú pálọ̀. Ó ń bá Dádì sọ̀rọ̀. "Àjàní máa bá mi lọ sílé," ó wí. Àjàní ni oríkì Ayọ̀, òun nìkan ló ń fi pè é. "Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìyá rẹ̀ ò ráyè. Arúgbó ẹlẹ́ni ló ń tọ́jú láti alẹ́ dòwúrọ̀, ta ló ń tọ́jú tiẹ̀? Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Kérésì, wọ́n ti ń bá mi gbàdúrà sí i." Dádì ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rò ó." Nígbà yẹn mo rò pé ìrètí ṣì wà níbẹ̀. Ní báyìí tí èmi náà ti wà nílé ọkọ, mo mọ̀ pé tí ọkùnrin Yorùbá bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ká rò ó, ó ti gbà ni, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀.

Nígbà tí Mọ́mì gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ ọ́ títí mo fi gbóòórùn pé aṣọ náà fẹ́ jó. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òwe rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, kò sì jẹ́ òwe: "Tó o bá ṣe é, sọ pé o ṣe é. Tó ò bá ṣe é, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù gbà á lẹ́nu ẹ." Tí abọ́ bá fọ́ nílé wa, ẹni tó fọ́ ọ á jẹ́wọ́, Mọ́mì á sì gbálẹ̀ àfọ́kù, ó parí. Kò nà wá lórí òótọ́ rí. Mo rí i tó ń wo Ayọ̀ níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì, bí ẹni tó ń wo nǹkan tí wọ́n fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò ní padà.

Kérésì ti kọjá, ọdún tuntun ò tíì wọlé, nígbà tí yìnyín bọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jí mi. Ripple Road tí kì í sinmi ariwo ọkọ̀, kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ayọ̀ ti wà lẹ́bàá wíńdò, imú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. "Snow!" ó kígbe. "Mojí, snow! Ó ga dé ibi táyà!" A sáré sọ̀kalẹ̀, a bá Màmá lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó wà létí odò. "Ta ló da láfún sójú títì báyìí?" ó béèrè. Dádì tó ń wọ ìbọ̀wọ́ láti lọ síbi iṣẹ́ ní, "Òjò dídì nìyẹn, Màmá." Màmá yíjú sí i. "Òjò dídì? Òjò dídì tí wọ́n ń fi wàásù?" Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ fún wa pé láti kékeré lòun ti ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, pé òun fúnra òun ti fi ṣe ìwàásù fún àwọn èèyàn tí kò rí i rí, tí òun náà ò sì rí i rí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé bá wa.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé omi tó ti òkè wá, tó funfun báyìí, tí ẹsẹ̀ ọmọ aráyé ò tíì tẹ̀, kò sí omi àdúrà tó lè jù ú lọ. Òun máa kó o, ó máa yọ́, òun máa gbàdúrà sí i, òun á sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ sílé fún ìjọ. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" ó pariwo mọ́ wa, ẹsẹ̀ wa ti wà níta. Ẹsẹ̀ Dádì àti ti ológbò ti ba iwájú ilé wa jẹ́, àgbàlá ẹ̀yìn wa ò sì ju ẹní lọ. Ó nàka kọjá ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé ilé kejì, tó tẹ́ rẹrẹ bí ìbùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. "Tibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ tọrọ ẹ̀ o. A kì í mú nǹkan onínǹkan."

Anti Pẹ́gì ló ń gbé ilé kejì, òyìnbó arúgbó kan tó ń dá gbé, tó máa ń fún wa ní bisikíìtì láti orí ọgbà. Mo kanlẹ̀kùn, mo sọ ọ́ lédè òyìnbó bí mo ṣe lè sọ ọ́, pé ìyá bàbá wa ń kí i, wọ́n ní ká bẹ̀ ẹ́, ṣé ó lè fún wa ní yìnyín rẹ̀. "Yìnyín mi?" ó béèrè. Ayọ̀ dá sí i pé ti ẹ̀yìnkùlé ni o, a ò ní fọwọ́ kan òdòdó. Anti Pẹ́gì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ilẹ̀kùn mú. Ó ní látọjọ́ tóun ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò tọrọ yìnyín lọ́wọ́ òun rí. Ó ní ká kó gbogbo ẹ̀, ká jọ̀ọ́ ká bá òun kó tiwájú ilé náà, ó sì fún wa ní ṣọ́bìrì.

Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí irú ọjọ́ yẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kúlà, abọ́ áísìkirimù, ìkòkò ìrẹsì, gbogbo ẹ̀ la gbé jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò jáde, wọ́n ní kí là ń ṣe, a ní à ń kó yìnyín wọ inú ilé, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan míì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa kó o. A kó ìkan, a ju ìkan lu ara wa. Ọwọ́ wa pọ́n bí ata. Ayọ̀ mọ yìnyín ní èèyàn, ó fi kárọ́ọ̀tì ṣe imú ẹ̀, ó wé gèlè Màmá fún un. Màmá yọjú láti kíṣìnì. "Ère! Ère lẹ̀ ń gbẹ́! Nínú ilé Aládùúrà!" Ayọ̀ ní, "Màmá, èèyàn ni, kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́." "Wó o kí n tó kà dé ẹẹ́ta!" A wó ère náà, a rọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a gbé e gòkè, ó di omi àdúrà pẹ̀lú àwọn yòókù. Báfù wa kún, ó ga sókè bí ìrẹsì tí ọlọ́jà lawọ́ wọ̀n fúnni. Màmá ní ká tan hítà kó lè tètè yọ́. Ó pe Ìjẹ̀bú lórí fóònù, gbogbo òpópónà gbọ́: "Báfù kan gbáko! Ẹ lọ fọ kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀!" Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì jí, ó yọjú wo báfù, ó wo èmi, ó bu omi gbígbóná sínú abọ́, ó lọ wẹ̀ ní kíṣìnì. Ó wọ bàtà òjò, ó lọ síbi iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó lápá Eastbrook, nínú òtútù yẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, agogo ò dún. Igbe la gbọ́. "Yéè! Ta ló yọ ọ́? Ta ló ba tèmi jẹ́?" Èmi, Ayọ̀ àti Dádì ya dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Màmá ti wọ sùtánà rẹ̀ sílẹ̀ fún àdúrà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí báfù. Omi tó wà nínú ẹ̀ ò tó kókósẹ̀. Kárọ́ọ̀tì kan léfòó lórí ẹ̀. Báfù tó kún gègèrè, tí gbogbo òpópónà kó! Màmá ní ta ló wọbí kẹ́yìn. Ayọ̀ ní òun ni, òun tọ̀ ni. "O yọ rọ́bà ìdí báfù yìí." "Mi ò yọ ọ́, Màmá. Rọ́bà wà níbẹ̀." "O yọ ọ́, nígbà tí omi lọ tán, o dá a padà!" Kí n sọ òótọ́, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wo Dádì, mo rí i pé òun náà gbà pé ọmọ ló yọ ọ́. Ibo ni ìyókù omi ìbá lọ?

Mo fún Ayọ̀ ní èékánná lápá. "Bẹ̀ wọ́n," mo sọ sí i létí. "Ṣáà bẹ̀ wọ́n, kó tán." Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, nílé wa, nílé gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Tí àgbà bá bínú, o máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, bóyá o jẹ̀bi, bóyá o ò jẹ̀bi, ìyẹn dọ̀la. Mo mọ̀ pé àpótí ẹrù tí Ayọ̀ máa fi bá Màmá lọ sílé ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Ayọ̀ ní, "Mi ò ṣe é. Mọ́mì ní kí n má gba ohun tí mi ò bá ṣe." Màmá yíjú sí Dádì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "O gbọ́? Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ kó máa bá àgbà jiyàn. O ṣì ń rò ó?" Dádì ní, "Ayọ̀, dọ̀bálẹ̀, bẹ Màmá." Ayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọrangandan sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ tó tutù, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú pé omi yín dín kù. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yọ rọ́bà." Dádì fọwọ́ nu ojú. Ó ní tóun bá dé láti ibi iṣẹ́, òun máa gbé àpótí Ayọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà. Ó jáde. A gbọ́ ilẹ̀kùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ayọ̀ ò sunkún. Ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ń wo kárọ́ọ̀tì yẹn láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbórí sókè. "Màmá, ẹ jẹ́ ká tún un bù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bù ú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sì dì í mú. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án." Màmá wò ó. Mo ti ronú lórí ìwò yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ti ń dá ẹjọ́ àwọn èèyàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni, kò sì lè sá fún ẹni tó bá ní kí adájọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí kíṣìnì, ó gbé ìkòkò ìrẹsì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Màmá, bàtà yín!" mo ké.

"Sùtánà ló wà lọ́rùn mi."

"Màmá, yìnyín ni!"

"Ta ló dá a?"

Ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀, òsì tẹ̀ lé e. Ó dúró gan-an, ẹnu rẹ̀ là, kò sí ohùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn dé. "Yéè! Ó ń jó! Ó ń jó mi o! Kí ló dé tí kò jọ nǹkan tútù?" Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì, obìnrin tí gbogbo ìjọ ń kúnlẹ̀ fún ń tàgẹ̀gẹ̀ káàkiri àgbàlá bí adìyẹ tó tẹ eérú gbígbóná. Omijé ṣì wà lójú mi, ẹ̀rín ti gbé mi ṣubú. Ayọ̀ ju ṣílípáàsì sí i, ó ta á nù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu yìnyín, ó rọ ọ́ sínú ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún bù ú títí ó fi ga kọjá ẹnu ìkòkò. Ibi tó gbà kọjá hàn lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ márààrún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Anti Pẹ́gì ń gbá wíńdò rẹ̀ láti inú ilé, ó ń fi ọwọ́ júwe bàtà.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mọ́mì gba ẹnu géètì ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́. Ó ti fẹsẹ̀ rìn láti Eastbrook wá, yìnyín wà ní èjìká rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti mu omi yó. Ohun tó rí ni ìyá ọkọ rẹ̀ láìwọ bàtà nínú yìnyín, nínú aṣọ funfun, tó gbé ìkòkò sáyà, àti àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì, omijé ṣì wà lójú mi. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Màmá wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Ẹjọ́ là ń dá."

A gbé ìkòkò kaná. Mọ́mì ò bọ́ kóòtù. Ó gbé àga fún Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, ó kúnlẹ̀, ó fi táwẹ̀lì wé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rọra fi ọwọ́ pa á bí ó ṣe máa ń pa ẹsẹ̀ àwọn arúgbó rẹ̀ níbi iṣẹ́, èmi sì ń ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dórí àpótí. Nígbà tí mo dé ibi tí Ayọ̀ ti ní Mọ́mì ló kọ́ òun, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ Màmá. Kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá ní tiẹ̀ ò ṣẹ́jú. Ó di etí ìkòkò mú pẹ̀lú àkísà aṣọ, ó tẹjú mọ́ ọn. Yìnyín tó ga lókè ẹnu ìkòkò rọlẹ̀. Ó wọlé. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ. "Ibo ló ń lọ?" Màmá béèrè. Ó yẹ ìdí ìkòkò wò bóyá ó ń jò. Kò jò. Ayọ̀ ti ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ yọ́ tán, omi ìdí ìkòkò yẹn, èèyàn kan lè mu ún kó má yó.

Màmá wò ó títí. "Ẹ̀fọ́," ó wí jẹ́jẹ́. A ò mọ ohun tó ń sọ. "Ẹ̀fọ́ ni. Apẹ̀rẹ̀ kan gbáko, tó bá wọ ìkòkò tán, á di ẹ̀kúnwọ́ kan. Èmi tí mo ti ń se ẹ̀fọ́ láti ọmọge!" Ó gbé ìkòkò sílẹ̀. "Àjàní."

"Màmá."

"Mo parọ́ mọ́ ọ. O ò yọ nǹkan kan."

Mi ò gbọ́ ọ rí kí àgbà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ìgbà tí mo tún gbọ́ ọ látìgbà náà ò sì pọ̀. Ayọ̀ náà ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, kò mọ èsì tó yẹ kó fọ̀. Ó ronú, ó wá fi èsì tí a kọ́ ọ fún ọpẹ́ dá a lóhùn: "Kò tọ́pẹ́, Màmá." Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tó tutù, Màmá náà ń rín in, ẹ̀rín náà sì di nǹkan míì lójú Mọ́mì kó tó parí, ó fi táwẹ̀lì ẹsẹ̀ nu ojú. Nírọ̀lẹ́, Dádì dé, ó gbé àtẹ̀gùn onírin láti lọ sí òkè àjà. Màmá ní, "Kí lo fẹ́ lọ mú?" Dádì ní àpótí Ayọ̀ ni. "Fi í síbẹ̀. Tèmi nìkan lo máa gbé, lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ." Lẹ́yìn náà ló pe Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n gbàgbé kẹ́ẹ̀gì, pé ìgò ni, ṣíbí ṣíbí sì la máa bù ú.

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ní àkókò ẹ̀rí, Màmá dìde láàárín àwọn àgbà níwájú. Yàrá ńlá kan lókè ilé ìtajà ni ìjọ wa ń lò, òórùn àbẹ́là àti tùràrí gbalẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ yin Olúwa!" "Halleluyah!" Ó ní ẹ̀rí òun kì í ṣe ti ìwòsàn, kì í ṣe ti ìwé ìrìnnà. "Mo dúró níbí lọ́jọ́ Kérésì, mo ní kẹ́ ẹ bá mi gbàdúrà, pé ọmọ ọmọ mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ dá àdúrà yẹn dúró. Mo fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọdún méje. Mo fẹ́ mú un kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò bú mi, kò sì parọ́ láti gba ara rẹ̀. Èwo nínú yín lọmọ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo bí bàbá rẹ̀, mi ò kọ́ ọ débẹ̀." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, Dádì wolẹ̀. "Ìyàwó mi dà? Dìde, kí wọ́n rí ọ."

Ẹ̀yìn pátápátá ni Mọ́mì máa ń jókòó, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, torí láti ibi iṣẹ́ ló máa ń gbà wá, oorun sì lè gbé e lọ nígbàkigbà. Ó dìde. Sùtánà rẹ̀ ti rún níbi tó ti ká a sínú báàgì láti alẹ́. Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Ayọ̀ ń tì mí ní ìgbúnwọ́ pé kí n wò ó, bí ẹni pé mi ò wò ó tẹ́lẹ̀. Orin parí. Olùdarí ìsìn ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Mojí, ẹ jókòó." Mọ́mì gbọ́ ọ. Ó tún sùtánà rẹ̀ fà wálẹ̀ dáadáa, ó gbé ọrùn sókè, ó wo ìjọ láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Kò tètè jókòó.